Ọba tó mú iwin: ìtàn eré ẹ̀rù wa, láti Ìgbòho dé Netflix

Ọ̀rọ̀ òní máa gùn. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò bá tó, kó fi pamọ́ dìgbà tó bá rí Wi-Fi ọ̀fẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi àkójọ fíìmù kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Fíìmù ẹ̀rù ni gbogbo ẹ̀, èyí tí wọn ò ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì, téèyàn lè wò lórí fóònù. Ringu ti Japan, ti ọdún 1998, wà níbẹ̀. Train to Busan ti Kòríà, ti 2016, náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?" Mo wo àkójọ yẹn láti òkè délẹ̀, mi ò rí ẹyọ fíìmù Yorùbá kan. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo dàgbà ní Ṣakí, tí mi ò lè dá jáde lọ tọ̀ lóru títí mo fi lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nítorí fíìmù Yorùbá, ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi Japan dẹ́rù bà?

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù." Kí n tó dárúkọ fíìmù fún wọn, ìtàn kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà. Nítorí ibi tí mo jókòó sí tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ṣe eré ẹ̀rù Yorùbá tó dàgbà jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Ẹ wọ mọ́tò ní Ṣakí, ẹ gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kọjá, ẹ máa dé Ìgbòho. Inú ọ̀ràn ìlú yẹn leré náà ti jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Ọ̀yọ́, ẹ mọ̀ pé Ìgbòho ti ṣe olú-ìlú rí. Àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ọba wá ń káàkiri apá ọ̀dọ̀ wa níbí títí wọ́n fi tẹ Ìgbòho dó. Ọba mẹ́rin ló jẹ níbẹ̀ léraléra. Ẹgúngúnojú ló kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn ẹ̀ Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ Ajíbóyèdé, Abípa ló wá kẹ́yìn. Abípa yìí ni tiwa lónìí. Ó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn.

Abípa lóun fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ibi tí àwọn bàbá òun ti wá. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ò fẹ́. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìgbòho ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí, oko wọn wà níbẹ̀, ilé wọn wà níbẹ̀. Ẹnì kan á wá jí lọ́jọ́ kan, á ní kí gbogbo yín palẹ̀ mọ́, ká padà sí ahoro. Ṣùgbọ́n ta ni máa wo ojú Aláàfin kó sọ pé rárá? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá dá ọgbọ́n mìíràn.

Ọba rán àwọn èèyàn lọ síwájú pé kí wọ́n lọ yẹ ilẹ̀ wò, kí wọ́n sì ṣètùtù. Àwọn ìjòyè gbọ́, wọ́n yára rán tiwọn lọ ní kọ̀rọ̀. Samuel Johnson to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Baṣọ̀run rán abuké kan. Alápìínni rán àfín. Aṣípa rán adẹ́tẹ̀. Ṣàmù rán ẹnì kan tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ yọ síta. Lágùnnà rán aràrá, Akiníkú sì rán arọ. Mẹ́fà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni pé kí wọ́n gun òkè tó wà ní ìlú àtijọ́ yẹn lọ, kí wọ́n máa gbé iná kiri lóru, kí wọ́n máa ké kíkan-kíkan pé kò sáyè fẹ́nikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Ahoro ìlú. Òru dúdú. Ẹ̀yin ìránṣẹ́ ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù yín kalẹ̀. Ẹ gbójú sókè, ẹ rí iná tó ń rìn lórí òkè, ẹ rí òjìji tí kò jọ tèèyàn tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ wá ń gbọ́ ohùn. Èmi ò ní dúró o. Àwọn náà ò dúró. Wọ́n sáré padà dé Ìgbòho, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti gba ìlú.

(Ọ̀rọ̀ tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o. Ọ̀rọ̀ inú igbó ni, ìbátan iwin, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń ní ó ń gbé inú igi ìrókò.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Arọ́kin kan wà láàfin, Johnson pè é ní Ológbo. Ó mọ ohun tí àwọn ìjòyè ṣe, ó sì tú àṣírí fún ọba. Abípa ò pariwo. Kò pe ìpàdé. Ó kàn pe àwọn ògbójú ọdẹ, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn wá fún òun láàyè. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n kó gbogbo wọn, wọ́n sì kó wọn wọ ààfin láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì wá jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ọba ṣe wọ́n lálejò. Ó ní kí wọ́n gbé ọtí wá. Ẹni tó gbé ti Baṣọ̀run jáde, abuké rẹ̀ ni. Ẹni tó gbé ti Alápìínni, àfín rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kárí, ìjòyè kọ̀ọ̀kan gba igbá lọ́wọ́ iwin tóun fúnra ẹ̀ rán níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọba ń bá wọn ṣàwàdà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, wọ́n mu ọtí wọn, wọ́n dìde lọ sílé.

Mo ti wo fíìmù ẹ̀rù ti Japan, ti Kòríà, ti Spain. Mi ò tíì rí ìran kan tó tó èyí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo. Ọtí lásán ni wọ́n gbé. Àmọ́ tí mo bá rántí ojú tí Baṣọ̀run máa fi wo igbá ọtí yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Abípa padà sí Ọ̀yọ́-Ilé lóòótọ́. Orúkọ tó mọ́ ọn lára ni Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Ológbo ní tiẹ̀ ò jèrè ẹnu ẹ̀. Àwọn ìjòyè fún un ní májèlé jẹ. Ọba fi awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di òkú ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sin ní Ọ̀yọ́ bí ẹni ńlá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ tíátà ní yunifásítì máa mọ Joel Adédèjì. Ní 1969, ní Ìbàdàn, ó kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ẹ̀ lórí eré alárìnjó, àwọn eégún apidán tó ń ti ìlú dé ìlú. Ibo ló tọ gbòǹgbò eré náà lọ? Ọ̀rọ̀ Ìgbòho yìí náà ni, àti ìdílé Ológbojò. Ohun tí àwọn ìjòyè fi dẹ́rù ba èèyàn, òun ni wọ́n sọ di eré. Ìbòjú abuké, ìbòjú àfín, ìbòjú adẹ́tẹ̀, gbogbo ẹ̀ wọ inú agbo. Tí ẹnì kan bá bi yín ibi tí Nollywood Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, tó ń retí kẹ́ ẹ dárúkọ Èkó, ẹ ní kó máa bọ̀ ní Òkè-Ògùn.

Nǹkan kan wà tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ṣáá, ó sì pẹ́ kó tó yé mi pé ó ń dùn mí. Johnson sọ orúkọ oyè àwọn ìjòyè. Ó dárúkọ ọba. Ó dárúkọ arọ́kin. Àwọn mẹ́fà yẹn ńkọ́? Kò sí orúkọ. Abuké, àfín, adẹ́tẹ̀. Èèyàn ni wọ́n. Ẹnì kan ló pè wọ́n, ó wò wọ́n lókè wò wọ́n nílẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí, bó o ṣe wà yìí, tó o bá kàn jáde lóru, wọ́n máa sá." Kò sídìí àtikun ojú wọn. Wọn ò nílò ìbòjú. Kí ni wọ́n rò bí wọ́n ṣe ń gun òkè yẹn? Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ó ṣeé ṣe kí inú arọ yẹn dùn pé lẹ́ẹ̀kan láyé òun, àwọn tó ń fi òun ṣẹ̀sín ló ń sá fún òun.

Ẹ jẹ́ n fò díẹ̀. Ní February 1826, ní Ọ̀yọ́-Ilé kan náà, òyìnbó ará Scotland kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton jókòó wo eré tí wọ́n ṣe níwájú Aláàfin. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn kan jáde nínú àpò, wọ́n ń jó. Ejò ńlá kan jáde, ó ń wọ́ kiri nínú agbo. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ọ̀kan nínú àwọn àpò ṣí, ohun funfun kan yọ jáde. Ó rù hangogo. Òtútù ń mú un. Ó ń fa áṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Òyìnbó ni! Gbogbo ìlú ń wo ojú Clapperton bóyá ó mọ̀ pé òun ni. Ó mọ̀. Ó gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ yẹn, òun náà wọ ẹgbẹ́ abuké àti àfín: ẹni tí ara ẹ̀ ò jọ tiwa, òun la fi ṣe iwin.

Láti ibẹ̀ dé orí fíìmù, ọ̀nà náà tọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Eré alárìnjó bí tíátà alágbèéká, tíátà alágbèéká gun orí sinimá. Adé Love, ìyẹn Adéyẹmí Afọláyan, wà nínú Àjàní Ògún ní 1976, Ọlá Balógun ló darí ẹ̀. Ní 1979, Balógun kan náà darí Ayé fún Hubert Ògúndé. Ẹ lọ bi àwọn bàbá yín nípa Ayé. Ògúndé ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó gbéná wojú àwọn àjẹ́. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Fíìmù yẹn ń ti ìlú dé ìlú bí eégún apidán ṣe ń ṣe láyé ìjọ́un, àwọn èèyàn sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti lọ wò ó.

Tiwa ò le tó yẹn. Tiwa ni ti inú fídíò. Kòtò Ayé àti Kòtò Ọ̀run tí Yẹkínì Ajílẹ́yẹ ṣe, ti ìgbà fídíò aláràbà ni, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́njú, inú CD ló wà. Fádèyí Olóró á máa pe ọfọ̀, Abíjà á gbá ojú ro, àwa ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án á ki orí bọ abẹ́ aṣọ kan. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín ọfọ̀, ẹ kú ewu. Kò sẹ́ni tó máa dìde tan fìtílà.

Màmá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa nígbà yẹn. Ọjọ́ orí ti tẹ ẹ̀yìn wọn ba. Èéfín iná igi ti sọ ojú wọn di pupa. Wọ́n ń dá gbé. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lẹ́yìn fíìmù kan, àwa ọmọ àdúgbò gbà láàárín ara wa pé àjẹ́ ni wọ́n, àwa ò sì nílò ẹ̀rí, a ti rí ẹ̀rí nínú fíìmù. Àjẹ́ inú fíìmù náà tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú tiẹ̀ náà pọ́n. A máa ń sáré kọjá ẹnu ọ̀nà wọn. Lọ́jọ́ kan, mo sọ òkúta. Èmi fúnra mi. Ó bà wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi gbọ́. Wọ́n fà mí létí dé iwájú màmá yẹn, wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa pọn omi fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ fún odidi oṣù kan. Ọjọ́ kìíní, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe wọlé. Kí ni mo bá nínú yàrá? Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n fi wáyà so ojú ẹ̀ mọ́ fèrèsé. Màmá ní, "Ọmọ mi, bá mi yí èríàlì yẹn díẹ̀, eré Yorùbá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Má tíì lọ o. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá ń dá wò ó."

A jọ wò ó. Nígbà tí àjẹ́ jáde, màmá di ọwọ́ mi mú.

Ìyẹn lèmi fi máa ń wo fíìmù ẹ̀rù wa báyìí. Mo máa ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ nìkan ló mú, àbí ó dé ọ̀dọ̀ ìjòyè tó rán an níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí a wò ní kékeré, abuké ló ń mú, á jẹ́ kí Baṣọ̀run máa lọ sílé. Ìyá arúgbó á jẹ́wọ́, á ya wèrè, fíìmù á parí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn.

Ẹ wò Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, ti Túndé Kèlání, 1993. Ìjòyè lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, àwọn tó jọ ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá sọ fún un pé ikú ò ní kan òun níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì sin òkú tó kú gbẹ̀yìn. Baba Wándé ń sá tẹ̀ lé òkú kiri kí wọ́n má bàa sin ín! Ẹ máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn yín, ẹ̀rù á sì tún máa bà yín lábẹ́ ẹ̀rín yẹn. Ní ti èyí, ìjòyè gan-an lọwọ́ tẹ̀.

The Figurine ti Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, 2009. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òòṣà tó ń jẹ́ Araròmirẹ ló gbé e dúró. Ọdún méje ire, ọdún méje ibi. Mi ò ní ba fíìmù jẹ́ fún yín. Ẹ kàn mọ̀ pé nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara yín bóyá òòṣà ló ń ṣe é, àbí èèyàn kan ló ń gbé iná kiri lórí òkè.

Kúnlé kan náà ló gbé wa padà sílé. Aníkúlápó jáde lórí Netflix ní September 2022, Yorùbá ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, Ọ̀yọ́ ni ìtàn ẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ́ ìlú inú fíìmù náà sí, Ìgbòjàyè ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, wọn kì í gbà mí gbọ́. Sàrò tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, iṣẹ́ aṣọ òfì hínhun ló gbé wọ ìlú. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí gbogbo ayé ń wò, iṣẹ́ yín ló ń ṣe. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn gbogbo ẹ̀ o, àwọn ibì kan fà jù fún mi. Ṣùgbọ́n ibi tí Sàrò ti ń tọrọ àǹfààní ńlá kó tó jí òkú, tí Arólákẹ́ sì ti ṣe ohun tó ṣe sí àdó yẹn, tí gbogbo ìlú dúró tí wọ́n ń wò ó, ìran yẹn jọ ti ọtí Abípa lójú mi. Ẹyẹ Àkàlà kò bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ojú Sàrò, nígbà tó yé e pé agbára ti tán, ni mi ò lè gbàgbé.

Mo fi ọ̀kan kún un tí kì í ṣe tiwa, kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa ní èmi ò mọ̀ ju ilé baba mi lọ. Atlantique, ti Mati Diop, èdè Wolof, Sẹ̀nẹ̀gà, 2019. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grand Prix ní Cannes, Netflix sì gbé e. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń kọ́ ilé gogoro fún olówó ní Dakar, kò sanwó oṣù wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Spain, òkun gbé wọn. Lóru, wọ́n ń padà wá nínú ara àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, ojú wọn á funfun, wọ́n á lọ jókòó sí pálọ̀ ọ̀gá yẹn. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Owó iṣẹ́ wọn. Àwọn iwin wọ̀nyẹn mọ ilé ìjòyè. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí Peckham. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti pọ̀ jù, pé fíìmù kan làwọn béèrè, mo kọ ìwé odidi. Wọ́n wo Aníkúlápó lálẹ́ àná. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kò ba àwọn lẹ́rù rárá. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, fóònù mi dún. Àwọn náà ni. Wọ́n ní oorun ò kùn wọ́n, wọ́n ṣáà ń ronú nípa abuké tó ń gbé ọtí yẹn. Wọ́n wá bi mí pé Ìgbòho tí mo sọ yẹn, tí àwọn bá délé ní December, ṣé èèyàn lè lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, kó sì padà kó tó di alẹ́?